Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn Júù wá ìran wọn kiri, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìyábọ̀, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Júù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn àgbà wọn, mo mọ̀ pé mi ò dá wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ máa kó tiyín lé e.

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ìyá ọkọ mi. Obìnrin kan ló wà nínú ẹ̀, ó ta ìborùn dúdú sórí, ó fajú ro. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lẹ́yìn fọ́tò náà: «Mame, Józefów», ìyẹn «Màmá» ní èdè Yiddish wọn, àti orúkọ ìlú kan ní Pólàndì. Obìnrin yìí ló bí ìyá àgbà ìyá ọkọ mi. Ọmọ rẹ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1905, òun dúró sí Pólàndì. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mame ni ọmọ ń pè é, Bobe ni àwọn ọmọ-ọmọ ń pè é, ó parí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà, mo ti pé ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé Màmá Aláró wa ní orúkọ gidi.

Mo wá lóyún. Ìyá tó bí mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, nítorí náà tó bá jẹ́ obìnrin, Ìyábọ̀ ni, kò ní àríyànjiyàn nínú. Mo rò pé ìyá ọkọ mi máa bá mi jà sí i. Ó ní báwo, ṣebí bí àwọn náà ṣe ń ṣe nìyẹn: àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù, kì í fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sọ ọmọ, orúkọ ẹni tó ti lọ ni wọ́n ń fi sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ orúkọ obìnrin inú fọ́tò ní èdè Hébérù. Orúkọ tí a ò mọ̀!

A lọ sídìí sàréè ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ òkú àti orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí òkúta: lágbájá ọmọ lágbájá. Ìyá ò sí níbẹ̀. Bàbá la rí, a ò rí ẹni tí à ń wá.

Ní April 2023, èmi, ọkọ mi àti Mọ́mì (bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ìyá rẹ̀) wọ bàálù lọ sí Lublin ní Pólàndì, oyún mi jẹ́ oṣù mẹ́ta. A gba dírẹ́bà, a ní Józefów là ń lọ, ó ní kò sí wàhálà. Ìlú kékeré ni, létí odò Vistula. Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ògiri ilé àkọ́kọ́ tó rí, ẹkún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé àtijọ́ tí kò yà ní fọ́tò. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú ike oògùn rẹ̀. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èébì ń gbé mi, mò ń wo odò, mo kàn ní kí n béèrè pé, «Mọ́mì, ṣé ìyá àgbà yín sọ̀rọ̀ odò yìí rí?» Ó ronú. Ó ní rárá o, àwọn tó ń fọ́ òkúta ló máa ń sọ, pé bàbá òun á wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku funfun lórí. Mo tún wo odò náà. Odò tó fẹ̀ tó yẹn, ta ló máa dàgbà létí ẹ̀ tí kò ní ròyìn ẹ̀ fọ́mọ? Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, mo panu mọ́.

Ìparí July ọdún yẹn ni àpérò ńlá tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń wá ìran Júù, IAJGS, máa ń ṣe lọ́dọọdún bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Westminster. Kòrónà ti lé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra wọn, ẹ máa rò pé òde ìyàwó ni. Mo sùn lọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì, mi ò ní purọ́. Èyí tó wúlò ni ìgbà tí àwọn ọmọ agbègbè kan náà bá kóra jọ sídìí tábìlì kan, bí ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣèpàdé lẹ́yìn odi. A lọ jókòó ti àwọn ọmọ Lublin. Bàbá àgbàlagbà kan yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, «Èwo nínú Józefów?»

Mọ́mì ní, «Ṣé ó ju ẹyọ kan lọ ni?»

Ìlú méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Lublin nìkan. Ọ̀kan wà létí odò Vistula, ìkejì wà lápá Biłgoraj, ó sì ju wákàtí méjì lọ láti ọ̀kan dé ìkejì nínú mọ́tò. Ti Biłgoraj ni wọ́n ti ń wa òkúta. Mọ́mì ò lè sọ̀rọ̀. Ike oníyẹ̀pẹ̀ náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti yá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ JRI-Poland, láti 1995 ni wọ́n ti ń to orúkọ inú ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú àwọn Júù Pólàndì lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀fẹ́ lèèyàn ń wá a. Èdè Polish ni wọ́n fi ń kọ àwọn ìwé yẹn lápá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1868 títí wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, èdè Rọ́ṣíà ni, torí ọba Rọ́ṣíà ló ń jọba lé wọn lórí. Ọmọ 1880 ó lé ni ìyá àgbà Mọ́mì, nítorí náà èdè Rọ́ṣíà ni ìwé ìbí rẹ̀ tí a rí. Obìnrin kan tó gbọ́ Rọ́ṣíà bá wa kà á lójú fóònù, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan: bàbá ọmọ wá fúnra rẹ̀, òun àti ẹlẹ́rìí méjì, ó ní òkúta lòun ń fọ́ jẹun, ó gbé ọmọbìnrin kan wá hàn, ó ní ìyàwó òun ló bí i, ẹni tí í jẹ́... Ó dúró, ó fẹ ojú fóònù sí i. Ó ní, «Ruchla.»

Rákélì inú Bíbélì nìyẹn. Mọ́mì ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ó ní kó tún un pè.

Ọmọ dé ní October. Ìyábọ̀ ni, Rákélì ni. (Ẹ má bi mí bóyá ìyá tí kì í ṣe Júù lè bí Júù. Ìjọ Liberal ni wọ́n ń lọ, rábì wọn ò yọ wá lẹ́nu. Tó bá jẹ́ Orthodox ni, àwọn tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.)

May 2024 la tó lọ sí Józefów gidi, mo pọn ọmọ. Sínágọ́gù olókùúta wọn ṣì dúró, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Ní July 13, 1942, àwọn ọlọ́pàá Jámánì tí wọ́n ń pè ní Battalion 101 kó àwọn Júù ìlú náà lọ sínú igbó, wọ́n yìnbọn pa nǹkan bí 1,500 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A dúró níbẹ̀. Ọmọ pàápàá ò sunkún.

Ní itẹ́ òkú wọn, ewéko ti bo ojú òkúta, èèyàn ò rí nǹkan kà. Ọmọ ìlú tó mú wa lọ yọ jígí kékeré kan lápò, mo rò pé ó fẹ́ wojú ni. Ó fi jígí gba oòrùn, ó darí ẹ̀ sára òkúta láti ẹ̀gbẹ́, ni lẹ́tà bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọnà ara àdìrẹ nígbà tí Màmá Aláró bá fọ ẹ̀kọ kúrò lára ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ má fi bùrọ́ọ̀ṣì onírin ha òkúta yẹn, ẹ má fi ẹfun kùn ún kí ẹ lè kà á. Ó ń bà á jẹ́ ni. Bí ẹ bá rí ọ̀pá fìtílà lára rẹ̀, obìnrin ló wà níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tó nà sókè, ìran Áárónì ni. Ìgò ìbomi, ọmọ Léfì ni. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọdún: ẹ ro iye tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ pọ̀, ẹ fi 1240 kún un. Tó bá jẹ́ 685, ọdún 1925 nìyẹn.

A rí Rákélì mẹ́ta. A ti mọ orúkọ bàbá Ruchla látinú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, kò bá ti méjì mu. Ti ìkẹta, ibi tí orúkọ bàbá wà gan-an ló fọ́. Òkúta ni wọ́n ń fi sórí sàréè, kì í ṣe òdòdó, nítorí náà Mọ́mì ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó fi sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ẹni tí kì í bá ṣe tiwa nínú wọn, a kúkú ti kí i.

Iyẹ̀pẹ̀ inú ike ńkọ́? Kò dà á nù. Ó ní ilẹ̀ ẹlòmíì ni.

Àbúrò ìyá àgbà Mọ́mì kan ṣì kù tó lọ gbé ní Lublin kí ogun tó dé. A ò ráyè wá òun. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Àǹtí Kíà, Philadelphia

Ìyá Ìyábọ̀, ẹ kú ìrìn. Tèmi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá tí mò ń tọ́jú jẹ́ ẹni ọdún 88. Ní August 2024, àpérò yẹn wá sí Philadelphia, ó ní a ń lọ, mo ti àga onítáyà rẹ̀ débẹ̀. Otútù AC ibẹ̀, ẹ ò lè gbàgbọ́, bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja.

Ọjọ́ kìíní dùn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ DNA. Màmá ti ń yangàn fún mi pé òun ní ìbátan ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ìdílé díẹ̀ ló ń fẹ́ ara wọn láàárín àwọn Ashkenazi fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ wọn á jọ ju bí wọ́n ṣe tan lọ. Mo ní bí abúlé bàbá mi ṣe rí nìyẹn, gbogbo wọn ló ń pera wọn ní ẹ̀gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ kejì lọ̀rọ̀ dé. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń sọ pé òyìnbó wọlé-wọ̀de kan ní Ellis Island, erékùṣù tí àwọn aṣíkiri ń gbà wọ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ló gé orúkọ ìdílé àwọn kúrú. Olùbánisọ̀rọ̀ kan wá dìde, ó ní irọ́ ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti wọkọ̀ ní Yúróòpù ni wọ́n ti ń kọ orúkọ èrò ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, àwọn ti Ellis Island kàn ń fi ìwé yẹn pe orúkọ ni. Àwọn tó lorúkọ ló ń pa á dà fúnra wọn tó bá yá, kí wọ́n lè ríṣẹ́, kí wọ́n lè rílé gbà.

Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò jẹun ọ̀sán. Inú ẹlifétọ̀ ló ti wò mí, ó ní, «Ṣé bàbá mi purọ́ fún mi ni?»

Kí ni kí n sọ? Mo ní, Màmá, Fáṣọlá ni bàbá bàbá mi ń jẹ́. Nígbà tó gba Jésù, ó di Olúṣọlá. Títí tó fi kú, ó ní àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló pa á dà fún òun. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà sọ fún wa pé bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń dán orúkọ wò, èyí tó máa bá Ṣọlá mu. Ó ní ìtìjú ló mú un sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irọ́.

Ó ní kí n gbé òun lọ jẹun.

Bàbá Ṣọlá, Manchester

Hàháà, wọ́n ti dárúkọ ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ń mú ọ̀gá mi lọ sí Pólàndì lọ́dún yìí. Ṣé owó kékeré kọ́ ni àwọn ákáífù, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, ń gbà?

Ìyá Ìyábọ̀, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá Ṣọlá, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí Szukaj w Archiwach, ìkànnì àwọn ákáífù Pólàndì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá dé ákáífù ìjọba, ẹ fi páásípọ̀ọ̀tù forúkọ sílẹ̀, ẹ lè fi fóònù yín ya ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ẹ béèrè fáìlì kí ẹ tó gbéra nílé o. Ọ̀kan tí a lọ lójijì, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé fáìlì jáde, bẹ́ẹ̀ bàálù wa ti fò. Ìwé ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún, ìwé ìgbéyàwó àti ikú tí kò tíì pé 80, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣì wà, wọ́n á ní kí ẹ mú ẹ̀rí ìbátan wá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Lublin

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lublin ni mo ti ń kàwé ìṣègùn. Iná òpópó kan wà ní Podwale tí mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń tàn. Ẹ mọ ibi tí mo ti wá, níbi tá a ti ń hó yèè bí iná bá dé. Inú máa ń bí mi sí iná yẹn. Ọdún kejì ni ọmọ kíláàsì mi kan tó sọ fún mi pé ìyẹn ló kẹ́yìn nínú àwọn iná àdúgbò àwọn Júù, àti pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó tàn ni.

Kí ogun tó dé, Júù tó wà nílùú yìí lé ní 40,000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú. Àdúgbò wọn yí ẹsẹ̀ òkè ààfin ká, òpópó Szeroka ló la àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn Jámánì wó o kanlẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, pápá àti ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ máa rí. Nítòsí ibẹ̀, nínú Grodzka Gate, ẹnubodè àtijọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ya fáìlì kan sọ́tọ̀ fún Júù Lublin kọ̀ọ̀kan, 43,000 fáìlì, ó kún orí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ máa ṣí tí kò ní sí ju orúkọ lọ.

Ẹ fi orúkọ àbúrò ìyá àgbà yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ mà.

Ìyá Ìyábọ̀, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi, mo ti fi ránṣẹ́. Mọ́mì ní Ọlọ́run á jẹ́ kí o di dókítà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Lublin

Àmín mà. Mo lọ lánàá. Fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: orúkọ, iṣẹ́ (ó ń rán bàtà), àti nọ́ńbà ilé kan ní Szeroka. Mo mú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wọn, mo fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti Grodzka Gate. Ibi tí ilé yẹn wà, mọ́tò pupa kan ló dúró síbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ má bínú sí mọ́tò.

Ìyá Ìyábọ̀, Lọ́ńdọ̀nù

A ti rí i. Mọ́mì fẹ̀ ẹ́ títí, ó ń wo abẹ́ mọ́tò. Ó ní ṣé wàá bá òun gbé òkúta kan síbẹ̀. Mo ní kò sí sàréè, ibo ló máa gbé e sí?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Lublin

Mo gbé e sídìí iná Podwale yẹn mà. Nígbà tí mo ń lọ kíláàsì láàárọ̀ yìí, àwọn agbálẹ̀ ti gbá a lọ. Mo ti gbé òmíràn síbẹ̀.