Iṣẹ́ ìjọba nínú Yahoo ọ̀gá: ẹ̀yin ará Àbújá, kí lojú yín ti rí?

Agbaṣẹ́ṣe Lúgbè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ilé iṣẹ́ ìjọba kan níbí (mi ò ní dárúkọ wọn, mo ṣì ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn) gbé iṣẹ́ àga àti tábìlì fún mi. Iṣẹ́ kékeré ni, ẹ má rò pé mo fi kọ́lé. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún mi wà lórí ìwé, ó ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà fáìlì. Àmọ́ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, inú Yahoo, ìyẹn ímeèlì tara ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ náà, la ti ṣe é. Wọ́n ní kí n sọ àga onírin di onípákó, inú Yahoo. Wọ́n ní kí n fi díẹ̀ kún iye tábìlì, inú Yahoo. Mo kọ ọ́ pé owó á lé o, ọ̀gá dáhùn pé òun ti rí i, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Inú Yahoo náà ni.

Ìgbà tí mo fi máa kó ẹrù dé, wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó gbapò rẹ̀ ní kí wọ́n gbé fáìlì wá. Ó ṣí i níwájú mi, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà tí wọ́n fi bírò kọ sí igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè. "Alàgbà, àga onírin ló wà níbí. Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe onípákó?" Mo na fóònù mi sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó dá fóònù padà fún mi. "Àdírẹ́ẹ̀sì yìí kì í ṣe ti ọ́fíìsì wa, sà." Ó fi "sà" kún un lóòótọ́, àmọ́ kò sanwó.

Mo pe ọ̀gá àkọ́kọ́. Èèyàn dáadáa ni, kò sá fún mi. Ó ní òun á tẹ gbogbo rẹ̀ jáde fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gbé kúrò ò láṣẹ láti fi ìwé sínú fáìlì ibi tó ti kúrò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì Oníkọ̀ǹpútà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Alàgbà. Owó yín ò ní wọmi.

Èmi ni mò ń tẹ ìwé, tí mò ń ṣe fọ́tókópì, nítòsí Sẹ́kítéríátì ìjọba àpapọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fojú ara mi rí, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín: ìwé ìjọba ń sùn nínú ímeèlì mi.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Iná á lọ lọ́ọ́fíìsì, dísẹ́ẹ̀lì ò ní sí, tàbí kí tónà tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, ìpàdé sì wà ní aago méjì. Akọ̀wé ọ̀gá á sáré sọ̀kalẹ̀ wá: "Ìyá Ìbejì, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá wa tẹ ẹ̀dà méjìlá, kẹ́ ẹ bá wa dì í pọ̀ dáadáa." Màá ṣí Gmail mi, èyí tí mo fi ń gba ìwé owó iléèwé àwọn ọmọ, tí àwọn tó ń ra aṣọ òkè lọ́wọ́ mi fi ń kọ̀wé sí mi. Ìwé á jáde. Wọ́n á ti kọ ọ́ gàdàgbà sí orí rẹ̀ pé àṣírí ni. Àṣírí, lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí tí mò ń mu! Àwọn tó wà lórí ìlà ń wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú mi. Bóyá agúnbánirọ̀ ni wọ́n o, bóyá agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n o, mi ò lè bi wọ́n.

Mo ti rí orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ kí ìwé tó jáde. Ọ̀kan lára àwọn tó wà ní ẹ̀ka yẹn máa ń ra omi lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní tí Ọlọ́run bá ṣe é, òun á ra odidi páálí omi fún gbogbo wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fún un ní omi ẹ̀, mo sì panu mọ́.

Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù lálaalẹ́, mo máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Màá pa á rẹ́ nínú ímeèlì, màá pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, màá tún lọ síbi tí ohun tí a pa rẹ́ ń kó jọ sí, màá pa á rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lódìkejì ọ̀nà kì í pa nǹkan kan rẹ́ ní tiẹ̀, ó ní àyè ṣì pọ̀ nínú ímeèlì òun.

Ará Zaria:
Yéè! Ìyá Ìbejì, ẹ mà kú ìpamọ́ra o.

Bàbá Kúbwà:
Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín, ìyá wa. Èmi ti fẹ̀yìntì. Ẹ mọ òfin wa: ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọdún 60 láyé, èyí tó bá ṣáájú dé. Ọjọ́ orí ló ṣáájú lọ́dọ̀ tèmi. Wọ́n ṣe ìdágbére, wọ́n fún mi ní aago ògiri, mo kó ẹrù mi wá sílé ní Kúbwà. Àmọ́ wọn ò tíì jẹ́ kí Yahoo mi fẹ̀yìntì.

Títí dòní ni wọ́n ń kọ̀wé sí mi. Wọ́n ń pè mí sí ìpàdé. Wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ ìnáwó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí ránṣẹ́. Ìdí ni pé àdírẹ́ẹ̀sì mi ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n pín káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, ta ló sì máa tún ìwé ìléwọ́ tẹ̀ nítorí arúgbó kan? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé láti Sókótó, ó fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́ dáadáa, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí èsì láti "ọ́fíìsì yín". Ọ́fíìsì mi! Abẹ́ igi máńgòrò ni mo wà, mò ń gé èékánná. Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó gbapò mi. Ẹ béèrè àdírẹ́ẹ̀sì tí mo fi ránṣẹ́ sí. Gmail tiẹ̀ ni. Kò fún mi ní òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má bú wa tán. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ímeèlì ìjọba, páswọ́ọ̀dù wá nínú àpòòwé bí ìwé ìgbéyàwó. Mo lò ó. Kò pẹ́ tó fi kún, nítorí àyè inú rẹ̀ ò gba ìwé tó bá ní àwòrán. Mo gòkè lọ bá àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wa, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti lọ sí Kàdúná fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mínísítà sì ń béèrè ìwé lálẹ́ Sátidé. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Yahoo ń ṣí lórí fóònù mi.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Jabi:
Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà yẹn ni mí, àmọ́ èmi kọ́ ló lọ sí Kàdúná o.

Òótọ́ lẹ sọ nípa ti ìgbà yẹn. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè jókòó sílé kó ṣí àdírẹ́ẹ̀sì tó parí sí .gov.ng fún ara rẹ̀. NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń bójú tó o, ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n sì ń fún. Galaxy Backbone, iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2006, ń ṣètò ímeèlì àti ibi ìkópamọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2025, ọ́fíìsì olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń lé gbogbo wa kiri pé kí iṣẹ́ kúrò lórí bébà kí ọdún yẹn tó parí. Nítorí náà, kì í ṣe pé ímeèlì ìjọba ò sí mọ́. Mo ṣí ti ọ̀gá kan níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ó ní kò ṣiṣẹ́. Páswọ́ọ̀dù ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ gan-an, kò tíì kà á.

Ohun tí kì í yé àwọn ọ̀gá ni pé tí òṣìṣẹ́ bá kúrò, mo lè ti ímeèlì ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, kí n sì fi gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ lé ẹni tó gbapò rẹ̀ lọ́wọ́. Àga onípákó Agbaṣẹ́ṣe ì bá ti wà níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Yahoo ọ̀gá, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún wò ó láti ọ̀nà mìíràn. Ní 2008, nígbà tí Sarah Palin, gómìnà Alaska, ń du ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn John McCain, ọmọ yunifásítì kan wọ inú Yahoo rẹ̀. Kò ṣe oògùn kankan. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ pé òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù ni. Wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí, wọ́n bi í níbi tí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá wo àwọn ọ̀gá tiwa. Ọjọ́ ìbí wọn, odidi ojú ewé ìwé ìròyìn làwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń kí wọn, tòun ti fọ́tò.

Agbaṣẹ́ṣe Lúgbè:
Ha! Mo ti san irú owó yẹn rí.

Akọ̀ròyìn Wúsè:
Ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí i, kí ẹnì kan má lọ sọ pé ìwà Nàìjíríà ni. Hillary Clinton, nígbà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2013, sáfà tara rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì tó sì ń tọ́jú rẹ̀, ló ń lò fún iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n ní kó dá ìwé padà, nǹkan bí 30,000 ló kó wá, ó ní ti ara òun làwọn tó kù. Ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọn lọ́yà ẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Suella Braverman fi ipò mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sílẹ̀ ní October 2022, nítorí ó fi ímeèlì ara rẹ̀ fi ìwé ìjọba ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a padà sípò kan náà. Ẹ ò rí i pé a ò dá wà.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n kọ síra wọn lórí omi ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbẹ́ ní Bwari, tí kò pọn omi rí. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì dáhùn lóòótọ́: àwọn wá inú fáìlì, kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Wọn ò purọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó kìlọ̀ fún wọn pé omi ò sí nílẹ̀ níbẹ̀, Gmail ló fi kìlọ̀ sí Gmail. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i hàn mí nínú mọ́tò ẹ̀. Kò jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀.

Òfin yẹn fi ẹ̀wọ̀n, ọdún 1 ó kéré tán, síwájú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìwé ìjọba rẹ́ kí aráàlú má bàa rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí ìwé wọ fáìlì rárá ńkọ́? Kí ló pa rẹ́?

Ará Zaria:
Tèmi ò gùn. Wọ́n fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi láti Gmail, òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí ẹ̀. Mo ní ayédèrú ni, ìjọba kì í fi Gmail kọ̀wé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe Gmail ni wọ́n fi pè yín fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí yín níjọ́sí?" Mi ò rí èsì fún un. Wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì lọ. Àwọn ọ̀gá wa ló sọ ọ́ di pé èèyàn ò lè fi àdírẹ́ẹ̀sì mọ olè.

Bàbá Kúbwà:
Agbaṣẹ́ṣe ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí wàá ṣe. Má jókòó ti fóònù. Tẹ gbogbo ímeèlì yẹn jáde, kí ọjọ́ àti àkókò hàn. Kọ lẹ́tà lé e lórí, ojú ewé kan ṣoṣo. Kọ nọ́ńbà fáìlì tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún ọ sí i, torí òun ló máa gbé e débi tó yẹ. Ní kí ọ̀gá àkọ́kọ́ kọ tiẹ̀ láti ibi tó wà báyìí, kó gbà pé òun ló pàṣẹ. Òótọ́ ni pé kò lè fi ìwé sínú fáìlì wọn, àmọ́ ọ́fíìsì lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Rẹ́jísírì, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé wọlé, ni kó o gbé tìrẹ lọ, má fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu tìrẹ lóǹtẹ̀ pé àwọn ti gbà á. Láti ìsinsìnyí lọ, bí wọ́n bá ti fi Yahoo pàṣẹ, fi irú lẹ́tà yẹn dáhùn lọ́jọ́ kejì. Inú wọn lè má dùn sí i. Ṣe é bẹ́ẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe Lúgbè:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ máa pẹ́ fún wa. Ìyá Ìbejì, ẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la?

Ìyá Ìbejì Oníkọ̀ǹpútà:
Mo wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Mi ò ní gba owó ẹ̀dà kejì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí Gmail mi. Ẹ gbé e wá nínú fláàṣì.