Àbúrò mi ti lọ rehab ẹ̀ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó tọ́jú ọpọlọ ẹ̀. Irú ibo ni ká wá báyìí?

Ẹ̀gbọ́nRẹ̀NiMí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin ni, ẹni ọdún 31, ọtí ló kọ́kọ́ di bárakú fún un, nígbà tó yá ó fi tramadol kún un. A ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé gba ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ ọjọ́ 28, ìkejì oṣù méjì, tó bá ti délé báyìí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í pé tó fi ń padà sídìí ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kó tó fẹnu kan ọtí rárá ni nǹkan ti ń ṣe é. Láti bí ọmọ ọdún 17, ìgbà kan á wà tí kò ní sùn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, á máa ná owó tí ò ní, tó bá yá á wá dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò ní fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Dọ́kítà kan ló sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé bipolar ni, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí ara èèyàn yá jù nígbà kan, kó tún rẹ̀wẹ̀sì nígbà míì, ó fún un ní oògùn tó ń jẹ́ lithium, ara ẹ̀ sì ń balẹ̀. Ìgbà tá a dé ibi kejì yẹn wọ́n gba lithium lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní oògùn ni oògùn ń jẹ́, ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ àwọn ò gbọ́dọ̀ lo nǹkan kan. Ká tún gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ, àwọn yẹn ní kó lọ jáwọ́ nínú ọtí fún oṣù mẹ́fà ná kó tó padà wá. Ibo ni kó wá lọ? Ó ti rẹ ìyá mi, ó ti rẹ èmi náà.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ "lọ jáwọ́ ná kó o tó wá" yìí máa ń bí mi nínú gan-an ni. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ ni ò rí ọtí fi sílẹ̀, ẹni tó sì ń mutí ni oògùn ọpọlọ ò ní ṣiṣẹ́ fún dáadáa, báwo lẹ ṣe fẹ́ tọ́jú ọ̀kan kẹ́ ẹ pa ìkejì tì? Méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, níbì kan náà, àwọn dọ́kítà àti nọ́ọ̀sì kan náà, fáìlì kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé dọ́kítà ọpọlọ á máa ti ìta wá yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kò sẹ́ni tó ń lo lithium kó lè gùn ún. Láti 1949 tí dọ́kítà John Cade ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń mú irú àìsùn tẹ́ ẹ sọ yẹn rọlẹ̀, téèyàn bá sì já a lẹ́nu ẹni lójijì, àìsàn yẹn lè padà dé kíákíá. Àmọ́ ó ní bó ṣe ń fẹ́ ìṣọ́ra o, èyí tó ń woni sàn àti èyí tó ń ṣeni léṣe ò jìnnà síra wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí omi ara ẹ̀ wá gbẹ, lithium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ béèrè níbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ pé ta ló máa ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, tí wọn ò bá rí èsì tó yè kooro fún yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí, ẹ má jẹ́ kó dá ọtí dúró lójijì nílé. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48, tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á máa gbóná, á máa gbọ̀n, èèyàn ń kú sí i. Tramadol náà ní gìrì tiẹ̀. Níbi tí dọ́kítà wà tọ̀sántòru ni kó ti dá a dúró, kí wọ́n sì fún un ní fítámì B1.

MoTiJáwọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi fúnra mi gbé irú ibẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀rù tí ò nídìí ló ń bà mí tí mi ò fi lè sùn, ọtí ni mo fi ń sùn. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, ọtí nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ, mo jáde, ẹ̀rù náà ṣì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ibi kejì ni obìnrin kan ti jókòó tì mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ní ká má tíì sọ̀rọ̀ ọtí, kí n ṣàlàyé alẹ́ fún un, bí alẹ́ ṣe máa ń rí fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ti bi mí rí.

Wọ́n máa ń dúró bí oṣù kan lẹ́yìn téèyàn bá ti jáwọ́ kí wọ́n tó sọ bóyá ọtí ló fa ìdààmú ọkàn ẹ̀ àbí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọmọ ọdún 17 yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́ tí kì í sùn, ìgbà tó kọ́kọ́ mutí, ẹ kó o lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí òun fúnra ẹ̀ lè má rántí.

Ọ̀nàMíìWà

Ṣé dandan ni kó máa gbé ibẹ̀ ṣá? Ọkọ mi ń tilé lọ ni, ó sì ti dáa.

Nọ́ọ̀sìWọ́ọ̀dù

Kì í ṣe dandan fún gbogbo èèyàn, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹni tó ti padà sídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọtí àti tramadol pa pọ̀ mọ́ bipolar, èmi ò ní sọ pé kó máa tilé lọ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ó lè bọ́ sí ti àtilé-lọ.

BàbáÀkọ́bí

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè ka èyí kí n dákẹ́. Heroin ni àkọ́bí mi ń lò. Ó lo ọjọ́ 60 nínú, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, a ní ó ti tán. Ọjọ́ kẹsàn-án tó délé ló lo ìwọ̀n tó máa ń lò tẹ́lẹ̀, ara ẹ̀ ò sì lè gbà á mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé lẹ́yìn téèyàn bá jáde gan-an ni ewu pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó fún wa ní naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń jí ẹni tí heroin bá pọ̀ jù lára ẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Kí wọ́n tó gbà á wọlé ni kẹ́ ẹ ti béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe fún un lọ́sẹ̀ tó bá jáde: ọjọ́ wo ló máa rí dọ́kítà, ta ló máa pè lóru.

Ẹ̀gbọ́nRẹ̀NiMí

Bàbá, Ọlọ́run á tù yín nínú. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo pe ibì kan lónìí, mo bi wọ́n ní ti lithium, obìnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, ó lọ pe dọ́kítà wá, dọ́kítà ní ọjọ́ tó bá dé gan-an làwọn máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo béèrè ti ọ̀sẹ̀ tó bá jáde náà, wọ́n ní àwọn á ti mú ọjọ́ fún un kó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Àbúrò mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní ṣé wọn ò ní gba oògùn òun ṣá? Mo ní wọn ò ní gbà á. Ó ní kí n bá òun kọ nǹkan ọmọ ọdún 17 yẹn sílẹ̀, a ti dé ojú ewé kejì.