"Èbúté" kọ́ ni ọgbà ìkanọkọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹni tó dábàá "èbúté ológun ojú òkun olódi" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun kú iṣẹ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó ti wà lómi ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kàn án.

Ẹ wo Kingston ní Kánádà, létí adágún Ontario, nígbà tí Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ń jagun láti 1812. Igi tútù ni àwọn ará Bírítéènì ń là sí pákó ní Point Frederick, ibi tí ọgbà wọn wà ní Kingston. Ní Sackets Harbor lódìkejì adágún, àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń kan tiwọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti kan ọkọ̀ kan, èkejì a tún kan èyí tó jù ú lọ, títí Kingston fi ti ọkọ̀ St Lawrence sómi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1814, pẹ̀lú ìbọn àgbá tó lé ní 100. Kò ja ìjà kankan! Àwọn káfíńtà ló ja ogun yẹn, ó sì yẹ kí orúkọ ibẹ̀ fi iṣẹ́ wọn hàn. "Ọgbà ìkanọkọ̀ ogun" ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó ní kí á lo "gbẹ́" dípò "kàn", ìtì igi kan ṣoṣo là ń gbẹ́ di ọkọ̀. Pákó àti ìṣó, kíkàn ni.

Ẹ yọ "òkun" kúrò pátápátá. Ọkọ̀ ńlá kò lè ti òkun wọ adágún yẹn, nítorí omi tó ń já lórí àpáta nínú odò St Lawrence. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó àgbá àti okùn tó ti England wá gòkè odò. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ omi, "ojú omi" ti tó.

"Olódi" ló le jù. Odi a máa yí ìlú olódi ká, ṣùgbọ́n orí òkè Point Henry ni odi ńlá tó ń ṣọ́ ọgbà yìí wà, omi sì là wọ́n láàárín. Odi àti ọgbà náà kò sì jọ parí: àdéhùn tí Bírítéènì àti Amẹ́ríkà ṣe ní 1817 fi ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan lórí Ontario, kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 100 lọ, àgbá kan péré sì ni yóò gbé. Ní 1832 wọ́n ta ọkọ̀ St Lawrence ní pọ́n-ùn 25, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún odi náà kọ́, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti ọgbà náà pa ní 1853. Odi ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nítorí náà, "ọgbà ìkanọkọ̀ ogun tí odi ń ṣọ́" ni kí á kọ, kí á má lẹ odi mọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ "ọ̀sà" dípò "adágún", ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdí rẹ̀.