Olè já ìsọ̀ lóru, ta ni ká ké sí? Ìbéèrè láti apá Kétu

Ìyá Ẹlẹ́kọ (apá Kétu):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tí ẹ ti pẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá sí ìgbèríko lápá Kétu níbí, ibi tí ilé ti jìnnà síra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olè já ìsọ̀ aládùúgbò mi lóru, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ lọ. A kígbe, àwọn ọkùnrin jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́ kedere kí a tó rí ọlọ́pàá. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, mo mọ ibi tí mo lè sá lọ. Níbí ńkọ́? Ta ni à ń kọ́kọ́ sọ fún? Èdè wo ni à ń bá wọn sọ? Faransé tèmi kò kọjá kí n kí oníbàárà kí n sì ka owó.

Bàbá Mẹkáníìkì (Àjàṣẹ́):
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ bá wa kí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọ̀rọ̀ yìí ti rú ọ̀pọ̀ nínú wa lójú, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ẹ̀yìn wá díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n: ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ìlú ńlá, àwọn jàndáámù ló ń ṣọ́ ìgbèríko. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni ìjọba ti da méjèèjì pọ̀, Police républicaine ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá ní kí ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ jàndáámù, kọmisáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, ló ń sọ. Àròndísímà, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tí wọ́n pín ìlú kọ̀ọ̀kan sí, ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ náà. Kétu ní mẹ́fà: Kétu fúnra rẹ̀, Idigny, Adakplamè, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ẹ béèrè èyí tí ilé yín bọ́ sí, kí ẹ lọ mọ ibẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó ń ṣọ́ òru sórí fóònù yín. Lójú tèmi o, lọ́sàn-án, ọlọ́pàá ìlú kékeré máa ń gbọ́ tẹni ju ti ìlú ńlá lọ, torí àyè wà fún wọn. Òru ni wàhálà. Wọn ò pọ̀, ọ̀nà jìn, nígbà míì ọkọ̀ ò sí nílẹ̀.

Wẹ́dà Kétu:
Ẹ kú alẹ́, mà. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mọ kọmisáríà, ẹ lọ kí olórí abúlé, ẹni tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́fù. Kí onílé yín mú yín lọ, kí ẹ sọ orúkọ yín àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Nílùú kékeré, òun ni ọlọ́pàá máa pè láti béèrè irú ẹni tí ẹ jẹ́. Bó bá ní, "Mo mọ̀ wọ́n," ọ̀rọ̀ ti rọ̀. Bó bá ní, "Àwọn ará Nàìjíríà kan ni," hẹn-ẹ́n, ẹ ti mọ ìyókù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lẹ máa gbé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àti gbèsè kéékèèké lọ, Yorùbá lẹ sì máa fi rò ó.

Àǹtí Aláṣọ (Ouando):
Àbúrò, mi ò ta kò ẹ́, ṣùgbọ́n olè jíjà kì í ṣe ẹjọ́ ṣẹ́fù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti parí ẹjọ́ olè lábẹ́ igi, tí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, tí gbogbo èèyàn ní ó ti tán, tí ẹlẹ́rù ò sì rí ẹrù rẹ̀ gbà títí dòní. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́fù sìn yín dé kọmisáríà ni. Ẹ ní plainte lẹ wá ṣe, ìyẹn ni pé ẹ wá fẹjọ́ sùn. Kí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó débẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, aago tó lù, ohun tó lọ, àwòrán rẹ̀ bó bá wà lórí fóònù, risíìtì tí wọ́n fi rà á. Ẹ̀dà méjì o! Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ mú un relé. Wọ́n máa ń ṣí àwọn ọ̀gá nípò lọ síbòmíràn, bí ẹjọ́ yín bá sì jẹ́ ti ẹnu lásán, ọ̀gá tuntun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní ti èdè, ẹ má rò pé torí Kétu jẹ́ ìlú Yorùbá, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì á gbọ́ Yorùbá. Ibi gbogbo ní Benin ni wọ́n ti ń kó wọn wá, ẹlòmíràn Fọ̀n, ẹlòmíràn Bàríbá, ẹlòmíràn Dẹ́ńdì. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ mú ọmọ iléèwé kan tó gbọ́ ọ dáadáa dání, kí ó tú u sí Yorùbá létí yín láti òkè délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ má fọwọ́ sí i, kódà kí wọ́n máa kanra.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàdo (Sabe):
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ ń jayé o. Ìlú yín ò fẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ní àròndísímà márùn-ún. Ẹ wá wo ọ̀nà Kaboua sí Sabe kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá! Oko gan-an ni ìjà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Màlúù á wọ inú àgbàdo, inú á bí ẹni tó loko, yóò yọ àdá. Bí àdá bá ti kan màlúù yẹn báyìí, ẹ̀yin lẹ di ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ ya àwòrán oko, ẹ pe ṣẹ́fù, kí ọlọ́pàá bá a wá, kí wọ́n rán ẹni tó máa díwọ̀n ohun tó bàjẹ́. Ó máa ń pẹ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n a ti rí owó gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn Sabe ò sì tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí wọ́n dí títì nítorí ìdìbò ààrẹ, tí àwọn sójà yìnbọn. Sójà ni, kì í ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ìbọn dún sí létí kì í dúró wo irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Bí ẹ bá rí i pé aládùúgbò yín ò fẹ́ bá yín dé kọmisáríà, ó lè jẹ́ ohun tó fà á nìyẹn.

Télọ̀ Kékeré (Àjàṣẹ́):
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdé ọlọ́pàá. Ẹ dé akoto bí ẹ bá gun alùpùpù. Bí ọkọ̀ yín bá ní nọ́ńbà Nàìjíríà, ìnṣọ́ránsì ilé nìkan ò tó, ẹ gba Brown Card ti ECOWAS. (CEDEAO ni wọ́n ń pe ECOWAS níbí, kí ẹ má baà máa wò wọ́n lójú.) Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá ìwé ìgbélùú. Ẹni tó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé Ìlárá wọlé láìtẹ òǹtẹ̀, báwo ló ṣe máa fi ẹ̀rí ọjọ́ tó dé hàn? Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ìtanràn, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ìwé ẹ̀rí owó. Nígbà míì wọ́n á ní kí ẹ máa lọ. Nígbà míì, ẹ ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Ẹ má sì fi orúkọ yín gbalé fún ọmọ tí kọ̀ǹpútà nìkan niṣẹ́ rẹ̀. CRIET, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, wà ní Àjàṣẹ́ níbí, wọn ò sì ń bá oníjìbìtì ṣeré.

Bàbá Mẹkáníìkì (Àjàṣẹ́):
Ó dáa tó o sọ ìyẹn. Bí wọ́n bá mú ọmọ yín, abala 18 nínú òfin tó ga jù lọ ní Benin ní wọn ò gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé ju wákàtí 48 lọ àfi bí adájọ́ bá pàṣẹ, bó bá sì ga tán, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Ẹ kọ aago tí wọ́n mú un sílẹ̀. Ẹ má máa ka òfin lé wọn lórí o! Ẹ kàn bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ti Kétu, Pobè ni.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (apá Kétu):
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa ṣọ́lé. Ọ̀kan ló kù. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń sọ pé bọ́wọ́ bá ba olè yẹn, táyà làwọn máa fi kọ́ ọ lọ́rùn. Àyà mi ń já.

Àǹtí Aláṣọ (Ouando):
Háà! Ìyá, ẹ sá fún un. Apànìyàn lòfin máa pe ẹni tó gbé pẹtiróòlù wá, ẹni tó dúró ń wòran náà á ròjọ́, àwa àlejò ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bọ́wọ́ bá bà á, kí ẹ ti pe ṣẹ́fù àti nọ́ńbà tí ẹ gbà ní kọmisáríà kí èrò tó pọ̀. Kí wọ́n dè é lọ́wọ́, kó parí síbẹ̀.

Wẹ́dà Kétu:
Mà, nípa ẹ̀rọ ìlọta yẹn, nọ́ńbà máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ni ín bóyá ó wà lórí risíìtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ àwọn tó ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù lọ́jà, màá yí ká béèrè. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ sórí plainte, kí ẹ fi àwòrán rẹ̀ kún un, torí mi ò lè di ẹnì kankan mú lọ́jà láìsí ìwé lọ́wọ́ mi.