Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mímu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Omi kànga ni à ń mu nílé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ṣáláńgá ilé kejì kò sì jìnnà sí i. Àyẹ̀wò fi hàn pé nitrate inú rẹ̀, ìyẹn èròjà kan tó lè ti ṣáláńgá wọ inú omi, tó sì léwu fún ọmọ ọwọ́, ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, ìyẹn ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀. Sísè kò lè yọ ọ́, ńṣe ni yóò túbọ̀ pọ̀ bí omi bá ṣe ń gbẹ. Ìyàwó àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi yìí ni wọ́n fi ń po mílíìkì ọmọ náà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Reverse osmosis tí wọ́n ń gbé sábẹ́ síǹkì ni mo fẹ́ rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kó lè sẹ́ ẹ. Àmọ́ táńkì wa kò ga ju mítà 5 lọ, agbára tí omi rẹ̀ fi ń tì kò ju ìdajì bar kan lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí), bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ń fẹ́ tó bar 3. Ṣé kí n ra èyí tó ní pọ́ńpù tirẹ̀ ni, àbí kí n fi pọ́ńpù kan sí gbogbo ilé? Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, níbo lẹ ti ń rí fílítà rà? Omi tí ẹ̀rọ náà ń dà nù bó ṣe ń sẹ́ omi ńkọ́, ṣé ó ṣeé fi fọṣọ?