Àbọ̀ lórí káfíńtà ọkọ̀ ojú omi inú géèmù mi

Ní oṣù tó kọjá, mo béèrè lọ́wọ́ yín bí mo ṣe lè tún káfíńtà kan ṣe, èyí tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Piraeus nínú géèmù tí mò ń ṣe nípa Gíríìsì ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jọ ti ìgbà náà.

Ìmọ̀ràn tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí n yí ètò iṣẹ́ rẹ̀ padà: pákó ara ọkọ̀ ni wọ́n máa ń tò pọ̀ ná, kí wọ́n tó fi igi ìhà sí inú rẹ̀. Ní báyìí, yóò ki ahọ́n igi pẹlẹbẹ bọ ihò tó wà ní etí pákó kan, yóò gbé pákó kejì lé e, yóò sì fi òòlù gbá ìṣó onígi wọlé kí ahọ́n náà má bàa yọ.

Orúkọ Ameinokles ará Kọ́ríńtì tí ẹ dábàá wúlò dé ààyè kan. Thucydides, òpìtàn Gíríìsì àtijọ́, kọ ọ́ pé ó kan ọkọ̀ mẹ́rin fún àwọn ará erékùṣù Samos, ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ ti jìnnà ju ti géèmù mi lọ. Nítorí náà, káfíńtà mi kàn ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn ni, bí ẹni ń ki baba ńlá rẹ̀; èyí tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù.

Ohun tó kù ni àwọn 170 tó ń fi àjẹ̀ wa trireme, ìyẹn ọkọ̀ ogun tí àwọn awàkọ̀ rẹ̀ ń jókòó ní ìpele mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá jókòó, kọ̀ǹpútà mi a máa wọ́ bí ìgbín, nítorí náà àwọn 62 tó wà ní ìpele òkè nìkan ni mo fi hàn. Ẹ ṣeun.