Àbọ̀ ọ̀rọ̀ èpò oníkóró: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí èpò oníkóró, ìbátan òfio tí igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta yẹn, ń padà hù nínú koríko kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tá a bá ti fà á tu.

Fífà yẹn gan-an ni aṣìṣe. Ewé ló ń já, kóró á kù nínú ilẹ̀, àwọn tó so mọ́ ọn á sì jí. Oògùn apakoríko 2,4-D kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, èpò eléwé fífẹ̀ ló wà fún. Glyphosate, oògùn apakoríko tí kì í ṣa ewéko yàn, ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá fín in, koríko yín á bá a lọ. Dípò fífín, ẹ po ìdá kan oògùn mọ́ ìdá méjì omi; ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi fóòmù tẹ́ ẹ rì sínú rẹ̀ nu ewé èpò nìkan. Ẹ má gé koríko fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí èpò lè yọ sókè ju koríko lọ. Ọjọ́ tójò ò ní rọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó bá tún hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ tún un nù. Ó gba sùúrù o.

Ti ibi tó ń gbẹ rúsúrúsú nínú koríko náà, tá a rò pé òùngbẹ ni: kòkòrò ajewé ni. Kẹ́ ẹ lè rí wọn, ẹ po ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́, ṣíbí ìjẹun 2, mọ́ omi lítà 4, ẹ dà á sórí ilẹ̀ tó tó mítà kan níbùú lóròó. Láàárín ìṣẹ́jú 10 wọ́n á máa jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín oògùn wọn, torí òru ni wọ́n ń jẹun jù.